Alẹ́ Tí Mo Mú Àǹtí Ṣìfáwù Wálé Láti Jìmẹ́tà

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà tí mo ti wẹ̀, tí mo ti múra tán, tí mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì ìyá wa ní ilé wa ní Oko Ọba, ní Agége. Mi ò fẹ́ jáde láìgba àdúrà wọn. Ìyá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n á rí i pé ẹnì kan wọlé, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ ẹni tí í ṣe títí onítọ̀hún á fi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì la ẹnu tí wọ́n fi na ọwọ́ jáde láti inú àwọ̀n ẹ̀fọn.

"Monsúrá, o ò tíì lọ?"

"Mo ti fẹ́ máa lọ, Màámi."

"Tó o bá débẹ̀, má bá a fa ọ̀rọ̀ o. Má dárúkọ ìsìnkú bàbá yín rárá. Ṣáà sọ fún un pé mo ní kó wá, kí n fọwọ́ kàn án."

Ẹni tí wọ́n ń sọ ni Àǹtí Ṣìfáwù, àkọ́bí wọn. Èmi ni àbígbẹ̀yìn. Ọdún mẹ́wàá ni Àǹtí fi jù mí lọ, àwọn ló sì máa ń pọ̀n mí bí Màámi bá lọ sọ́jà. Alápatà ni bàbá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní odò ẹran tó wà ládùúgbò wa níbí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó màlúù wá fún Bàbá láti òkè Ọya ni Alàájì Búbà, Fúlàní ará Jìmẹ́tà, ìlú tó wà létí odò Bẹ́núè ní ẹ̀gbẹ́ Yólà. Alàájì yìí ló fẹ́ Àǹtí. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n jọ gbé ní Agége kí bàbá Alàájì tó kú, tí Alàájì fi ní láti padà lọ tọ́jú ilé àti ẹran tí bàbá náà fi sílẹ̀. Ìyẹn ti di ọdún méjìlélógún báyìí.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Àǹtí wá kí wa níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà bàjẹ́, tí àwọn ajínigbé gba inú igbó. Nígbà tí bàbá wa kú, Àǹtí wọ mọ́tò láti máa bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn sójà dá mọ́tò náà padà lójú ọ̀nà nítorí pé ìjà ń lọ lọ́wọ́ níwájú. Àwọn àgbà ilé wa ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Wọ́n pe Àǹtí lórí fóònù, wọ́n sọ ohun tí kò yẹ kí ènìyàn sọ fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí ń pe Màámi lórí fóònù, wọ́n ń ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò mẹ́nu kan wíwá mọ́.

Ilé wa wà lábẹ́ ọ̀nà tí bàálù ń gbà sọ̀kalẹ̀ sí Ìkẹjà. Bàálù máa ń kọjá lórí wa débi pé páànù òrùlé á máa gbọ̀n. Àwa tí a bí síbẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́. Màámi nìkan ló máa ń gbé ojú sókè. "Eléyìí ńkọ́? Ṣé ọ̀dọ̀ Ṣìfáwù ló ti ń bọ̀?" Mo máa ń dáhùn pé bóyá. Nígbà tó yá, "bóyá" yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu mi. Mo pe Àǹtí, mo ní kí wọ́n wọ bàálù bọ̀. Wọ́n ní, "Mi ò wọ̀ ọ́ rí, Monsúrá. Àyà mi ò gbà á. Àfi tí ẹnì kan bá wá mú mi." Ni mo bá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́ mi, ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ní Ìkẹjà, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi náà ò wọ bàálù rí láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìyẹn fún Àǹtí.

Ìyá Tómì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, gbà láti dúró ti Màámi. Rájí, ọmọ àdúgbò wa tó ń wa takisí, ló gbé mi. A gba Pẹ́ńsínímà, a já sí ọ̀nà Ìkẹjà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ń tú jáde lẹ́nu géètì àwọn ilé-iṣẹ́, àwọn ti òwúrọ̀ ń wọlé. Nígbà tí a kọjá níwájú ilé-iṣẹ́ tiwa, òórùn ṣúgà àti bọ́tà kún inú mọ́tò.

"Àǹtí Monsúrá, ṣé ẹ ti wọ bàálù rí?" Rájí bi mí.

"Rárá o. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé àwọn tó ń wọ̀ ọ́. Ẹnu géètì ni tèmi ti ń parí. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, kí ẹ wá sọ fún mi."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ló gbà lọ́wọ́ mi, owó ará ilé. Nínú pápákọ̀ òfúrufú, tíì àti búrẹ́dì kékeré kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Mo bi ọmọ tó ń tà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo rò pé etí mi ni. Mo dá a padà, mo sì jẹ ẹ̀pà tó wà nínú báàgì mi.

Mi ò ní purọ́, nígbà tí bàálù náà gbéra, mo di ọwọ́ ìjókòó mú títí ìka mi fi ń ro mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí padà tí mo wo ìsàlẹ̀, mo rí àwọn òrùlé wa. Gbogbo wọn ló ti dípẹtà. Láti ilẹ̀ a kì í mọ̀. Láti òkè, pupa ni wọ́n, wọ́n so mọ́ra wọn lọ títí láìsí àlàfo. Mo wá ibi tí ilé wa wà, mi ò rí i. A sọ̀kalẹ̀ ní Àbújá, a wọ òmíràn tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò tó ọ̀sán kan tí a fi dé Yólà. Mo ronú pé nǹkan tó ti ya Màámi àti ọmọ wọn nípá ní gbogbo ọdún yìí, kò ju wákàtí díẹ̀ lọ lójú ọ̀run.

Ooru ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Èkó. Ti Èkó á mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára. Ti Yólà ń fa omi kúrò lára ènìyàn ni, tí ètè á fi gbẹ kí ó tó mọ̀. Alàájì Búbà fúnra wọn ló wá pàdé mi. Irùngbọ̀n wọn ti funfun. Wọ́n sọ Yorùbá sí mi, Yorùbá Agége ti ogún ọdún sẹ́yìn, tó jẹ́ pé àwọn ọ̀rọ̀ ìgboro tí wọ́n ń lò, kò sí ẹni tó ń sọ wọ́n mọ́ ládùúgbò wa.

"Monsúrá! O ti dàgbà. Ṣé ẹ̀yin alápatà ṣì ń jà lórí ta ló kọ́kọ́ dé odò ẹran láàárọ̀?"

"Wọ́n ṣì ń jà, Alàájì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé báàgì mi sínú mọ́tò wọn, a gbéra. "Bàbá yín kò rẹ́ mi jẹ rí," ni wọ́n sọ lójú ọ̀nà. "Ó dùn mí pé mi ò sí níbi tí wọ́n ti gbé e wọlẹ̀."

Ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀, eruku ló pọ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti wa, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì péré ni wọ́n ń gbé sẹ́yìn, wọn ò fún ara wọn pọ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé.

Àǹtí Ṣìfáwù dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Mo ti rí wọn lójú fóònù, nítorí náà mo rò pé mo mọ bí wọ́n ṣe rí. Mi ò mọ̀. Fóònù kò fi hàn mí pé wọ́n ti kúrú, pé wọ́n ń dúró bí ìyá wa ṣe ń dúró, kí èjìká kan wálẹ̀ díẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Wọ́n fún mi ní níírì, òkèlè tí wọ́n ń fi ọkà bàbà ro, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọkà tiwa, àti kósàm, ìyẹn wàrà tó ti kan díẹ̀. Mo kọ́ láti máa sọ "úsèkò," tí í ṣe "ẹ ṣé" lédè wọn. Ohun kan yà mí lẹ́nu. Ní Oko Ọba, Ìyá Yáyà ni àwọn ará àdúgbò máa ń pe Àǹtí, torí Yáyà lorúkọ àkọ́bí wọn, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pe gbogbo ìyá ọmọ. Nílé ọkọ wọn, Àǹtí kì í dárúkọ Yáyà rárá. Bí àṣà ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn: ojú máa ń ti ìyá láti dárúkọ àkọ́bí rẹ̀ níwájú ènìyàn. "Ẹni ńlá yẹn" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí àdúgbò fi ń pè wọ́n níbí, wọn ò jẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu lọ́hùn-ún.

Èdè wa pàápàá ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì, a ń se ọbẹ̀, wọ́n nawọ́ sí nǹkan kan.

"Bá mi mú... kí là ń pè é? Èyí tí wọ́n fi ń dé ìkòkò."

"Ọmọrí."

"Ọmọrí," ni wọ́n wí. Wọ́n tún sọ ọ́. "Ọmọrí. Ọmọrí." Wọ́n yíjú sí ògiri. Èmi náà sì tẹjú mọ́ ọbẹ̀ náà títí wọ́n fi nu ojú wọn tán.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò ní lè bá mi lọ. Ọmọ wọn tó kéré jù, Àfúsá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sùn lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Ojú wo ni màá fi wọlé yẹn, Monsúrá? Wọ́n ní mo ti di Fúlàní. Wọ́n ní màlúù ni mo fi rọ́pò bàbá mi."

"Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, méjì nínú wọn ti kú, Àǹtí. Màámi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ fún yín ò ju ọ̀kan lọ. Wọ́n ní kí ẹ wá, kí àwọn fọwọ́ kàn yín. Ojú wọn ò ríran mọ́ dáadáa."

Àǹtí gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún wọn. Màámi ló ní ká má sọ ọ́. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa orí ọmọ náà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti di ẹrù: ẹja gbígbẹ odò Bẹ́núè, kílíṣí, oyin, aṣọ ìbora kan fún Màámi.

Lọ́jọ́ tí à ń bọ̀, a wá bàtà Àǹtí títí. Àfúsá ló fi pamọ́ sínú àpò jéró. Nígbà tí wọ́n rí i, ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan kan lédè wọn, Àǹtí sì fi ìka mẹ́wàá dá a lóhùn, wọ́n ń kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọ̀sán la dé Àbújá. Aago mẹ́rin ni ó yẹ kí bàálù Èkó gbéra. Ó di márùn-ún, ó di mẹ́fà. Wọ́n ní òjò ńlá ń rọ̀ ní Èkó. A kírun níbẹ̀, a jẹ kílíṣí díẹ̀. Ó lé ní aago mẹ́jọ kí wọ́n tó pè wá. Bàálù kékeré ni, a ò tó ọgọ́ta nínú rẹ̀. Mo fi Àǹtí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bàbá arúgbó kan tó wọ fìlà pupa, tó sọ fún wa pé Ẹnúgu ni ìlú òun, jókòó ní òdìkejì mi.

Àǹtí di ọwọ́ mi mú látìgbà tí a ti gbéra. Nígbà tí wọ́n kéde pé a ti ń sọ̀kalẹ̀, bàálù wọ inú ìkúùkù, ó ń jù wá sọ́tùn-ún sósì. Ẹnu Àǹtí ń mì, wọ́n ń ṣàdúà. Lójijì a jáde nísàlẹ̀ ìkúùkù, iná wà níbi gbogbo.

"Monsúrá, ibo lèyí?"

Mo na ọrùn kọjá lórí ẹsẹ̀ wọn kí n lè ríran. Mo rí ọ̀nà rélùwéè, mo rí iná tó tò lọ lórí afárá. "Agége ni, Àǹtí. Ilé wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Màámi ń gbọ́ wa báyìí."

Wọ́n gbé iwájú orí lé gíláàsì fèrèsé. Mo rí omijé tó ń ṣàn lójú wọn, ẹ̀rù ò bà wọ́n mọ́. Mo rò lọ́kàn mi pé ó parí, mo ti mú wọn dé.

Táyà ẹ̀yìn kan ilẹ̀ pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni iwájú bàálù balẹ̀, nǹkan kan sì dún gbàù lábẹ́ wa bí ìgbà tí wọ́n ju irin sílẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iwájú bàálù wó lulẹ̀. Gbogbo wa fò síwájú, bẹ́líìtì ìjókòó fún ikùn mi pinpin. Mo gbọ́ irin tó ń ha ọ̀dà, mo rí iná tó ń ta pàrà lójú fèrèsé. Ènìyàn ń pariwo, Jésù, Alláhù, Chúkwú, ní èdè gbogbo. Bàálù yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, iná inú rẹ̀ kú. Mo na ọwọ́ òsì dí Àǹtí láyà, ọwọ́ náà sì kọlu ìjókòó iwájú. Lẹ́yìn náà a dúró.

Òjò nìkan là ń gbọ́ lórí wa. Ọmọdé kan bú sẹ́kún níwájú, ẹkún ọmọ náà ló dá ohùn padà fún wa. Òórùn rọ́bà tó jóná gba inú ibẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò dúró nínú òkùnkùn, ó ń fi gbogbo agbára kígbe, "Ẹ tú bẹ́líìtì yín! Ẹ fi ẹrù sílẹ̀! Ẹ máa bọ̀ níbí! Ẹ fi ẹrù sílẹ̀!"

Bẹ́líìtì Àǹtí kò tú. Ọwọ́ òsì mi ò gbà fún mi mọ́. Àǹtí ń bá mi sọ̀rọ̀ kíákíá, mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, nítorí Fúlàní ni wọ́n ń sọ. Mo ń pariwo, "Ẹ sọ Yorùbá fún mi, Àǹtí, mi ò gbọ́!" Wọn ò mọ̀ pé àwọn ò sọ ọ́. Bàbá onífìlà pupa ti dìde láti jáde. Ó yíjú padà, ó gba orí ẹsẹ̀ mi na ọwọ́, ó gbé irin bẹ́líìtì náà sókè. Ó tú. Ó ní kí a máa lọ níwájú òun.

Nítorí pé iwájú bàálù ti wó, ẹnu ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. A kàn tẹ̀ sílẹ̀ ni, sínú koríko àti ẹrẹ̀. Àwọn ọkọ̀ panápaná ti ń sáré bọ̀, iná wọn ń kọ mànà. Ẹnì kan ń ké pé ká sáré kúrò níbẹ̀. A sáré. Bàtà Àǹtí kan há sínú ẹrẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní a lè dúró, a jókòó sínú koríko tútù, òjò ń rọ̀ lé wa lórí. Bàálù náà tẹrí mọ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán bí màlúù tó fẹ́ mu omi. Kò gbiná.

"Monsúrá," Àǹtí pè mí, Yorùbá ti padà dé. "Ṣé ilé jìnnà sí ibí?"

"Kò jìnnà, Àǹtí. Kò ju ìrìn díẹ̀ lọ."

"Ọdún méjìlélógún," ni wọ́n wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, èmi náà sì bá wọn sun ún.

Ọkọ̀ kan kó wa lọ sí gbọ̀ngàn kan. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo wa, kò sẹ́ni tó dín. Obìnrin kan kán lẹ́sẹ̀, àwọn díẹ̀ fi orí gbá nǹkan. Dókítà ní ọrùn-ọwọ́ mi rọ́ ni, kò kán, ó fi báńdéèjì dì í. Fóònù mi wà nínú báàgì tí mo fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti Àǹtí wà nínú àpò aṣọ wọn. Ọkọ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbé fóònù fún mi, mo pe Ìyá Tómì.

"Monsúrá! Ṣé ìwọ ni? Olúwa ṣeun o. A ti gbọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ti rí i lórí fóònù wọn. Mo ní kí wọ́n má sọ fún Màámi, ṣùgbọ́n Màámi ti mọ̀. Wọ́n ní bàálù yín kọjá, àwọn gbọ́ ọ, ẹ ò sì dé. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jẹ́ ká gbé wọn wọlé."

"Ẹ sọ fún wọn pé a ń bọ̀, àwa méjèèjì."

Rájí ló wá gbé wa. Kò bi mí bí bàálù ṣe rí. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó fi bo Àǹtí léjìká, ó sì rọra ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin.

Aago kan ti lù kí a tó dé. Òjò ti dá. Màámi wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìborùn wé ara, Ìyá Tómì dúró tì wọ́n. Àǹtí sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Wọ́n lọ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù níwájú ìyá wa.

Màámi na ọwọ́. Wọ́n fọwọ́ kan orí, wọ́n fọwọ́ kan etí, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wálẹ̀ dé èjìká, wọ́n fa ọwọ́ méjèèjì jáde, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wò bóyá ó pé.

"O ti gbẹ," Màámi ní. "Òjò sì ti pa ọ́. Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, Màámi," Àǹtí dáhùn. Ohùn wọn dà bí ti ọmọdé.

"Monsúrá, lọ gbé omi kaná fún àǹtí ẹ."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ bàálù lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àǹtí lọ síbi sàréè bàbá wa lẹ́yìn ilé. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ́ dé ara wọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, mi ò sì súnmọ́ tòsí. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè wá láti wá gba ẹrù wa. Oyin ti tú sára aṣọ ìbora. Màámi ní kò sóhun tó ṣe é, wọ́n ní kí a fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi í bora bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú òórùn oyin lára rẹ̀.

Mo rò pé ìdùnnú nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bí ọ̀sán bá ti ń lọ, Àǹtí á fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n á wo àgbàlá wa, wọ́n á wo ògiri tó sún mọ́ra, wọ́n á ní, "Lásìkò yìí, àwọn màlúù ti ń ti odò bọ̀." Wọ́n á se ọbẹ̀, wọ́n á ní wàrà tó wà lọ́jà wa ò ní adùn. Lálẹ́, wọ́n á gbé fóònù lọ sẹ́yìn ilé. Ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n kà fún Àfúsá kọjá, ó di mẹ́rìnlá. Mo mọ ohun tó fà á, mi ò sì bi wọ́n. Bí bàálù bá kọjá lórí òrùlé, wọ́n á di apá àga mú títí ariwo náà á fi lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbàgbé, wọ́n dáhùn ìpè náà nínú yàrá, ohùn rẹ̀ sì wà lórí sípíkà. Ohùn ọmọ náà jáde, ó ń sunkún, ó ń sọ Fúlàní. Màámi yí orí padà.

"Ṣìfáwù, ọmọ ta ló ń sunkún yẹn?"

"Àfúsá ni, Màámi. Ọmọ mi."

"Kí ló ń wí?"

Àǹtí ò fẹ́ sọ. "Ó ní... ó ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀."

Màámi gbọ́ ẹkún náà títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi, èmi kì í ṣe Àǹtí. "Monsúrá, èmi ti fọwọ́ kàn án. Ó tó. Dá a padà fún ọmọ rẹ̀."

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Mo lọ sí Jìmẹ́tà pẹ̀lú èrò pé mò ń lọ mú ẹni tó sọnù wálé. Àǹtí mi ò sọnù. Ilé méjì ni wọ́n ní, ibikíbi tí wọ́n bá sì wà nínú méjèèjì, ibi kejì á máa fà wọ́n. Kò sí bàálù tó lè gbé ènìyàn kúrò nínú ìyẹn. Ohun tí ará ilé lè ṣe ni kó máa tẹ̀lé e lọ, kó sì máa tẹ̀lé e bọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Màámi ti sùn, Àǹtí jókòó tì mí lórí ẹní.

"Monsúrá, báwo ni mo ṣe fẹ́ dé ilé? Ọ̀nà ilẹ̀ ò ṣeé gbà. Èyí tó kù, ẹsẹ̀ mi ò lè gun àkàbà rẹ̀ mọ́."

"Èmi náà ń bá yín lọ, Àǹtí."

"Dé Àbújá?"

"Dé Jìmẹ́tà. Dé ọwọ́ Àfúsá."

Wọ́n wo báńdéèjì ọwọ́ mi. "Ìwọ náà? Nínú bàálù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. Ẹ̀rù ń bà mí, àwọn náà sì mọ̀, ṣùgbọ́n mo tún un sọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Nínú bàálù."